Igi Fúrúùtù Kò Mọ Oṣù Ọ̀wẹ́wẹ̀

Àwọn ìwé iṣẹ́ tí wọ́n ń kó wọ ilé-ẹ̀kọ́ jẹ́lé-ó-sinmi wa ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún ẹ̀kọ́ kì í yé gbé àkòrí Autumn dání. Ewé pupa, elégédé ràbàtà, ọ̀kẹ́rẹ́ tó di èso mú, ọmọ òyìnbó tó wọ bàtà òjò láàárín òkìtì ewé. Ó rẹwà. Ṣùgbọ́n bí olùkọ́ ní Ibo Road, ní Sabon Gari Kánò, bá ṣí ojú ìwé yẹn ní oṣù Ọ̀wẹ́wẹ̀, òjò ṣì ń rọ̀ níta, igi dóńgóyárò tutù yọ̀yọ̀, kò sì sí ewé kan tó ń múra àtijábọ́.

Àwọn tó ń túmọ̀ ìwé sí Yorùbá ti ní ọ̀rọ̀ fún àkókò náà: ìgbà ìwọ́wé, tí èkejì rẹ̀ jẹ́ ìgbà ìrúwé. Mo fẹ́ràn méjèèjì. Ẹni tó bá gbọ́ wọn kò ní béèrè ìtumọ̀. Èèyàn wa tó ń gbé Peckham ní London lè sọ fún ọmọ rẹ̀ ní oṣù Ọ̀wàrà pé ìgbà ìwọ́wé dé, kí ọmọ náà sì fi ojú ara rẹ̀ rí i láti ojú fèrèsé. Ní Kánò, ọ̀rọ̀ náà kò ní rí ibi fẹsẹ̀ lé lóṣù yẹn. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni igi ibẹ̀ ń wọ́wé, nígbà tí ọyẹ́ bá ti mú afẹ́fẹ́ gbẹ tán, tí igi ń já ewé sílẹ̀ kí ìwọ̀nba omi tó kù lára rẹ̀ má baà lọ. Ti ilẹ̀ òyìnbó, ọjọ́ tó ń kúrú àti òtútù tó ń bọ̀ ló ń fà á. Ewé ń wọ́ níbí, ó ń wọ́ lọ́hùn-ún, àmọ́ oṣù rẹ̀ yàtọ̀, ìdí rẹ̀ náà yàtọ̀.

Àwọn tó túmọ̀ Bíbélì Yorùbá, èyí tó jáde lódindi ní 1884, ti bá irú ìṣòro yìí pàdé ṣáájú wa. Nínú Jẹ́nẹ́sísì orí 8, níbi tí ti Gẹ̀ẹ́sì ti dárúkọ summer àti winter, ẹ̀ẹ̀rùn àti òjò ni wọ́n kọ. Alátakò á ní òjò kì í ṣe winter. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n àgbẹ̀ tó gbọ́ ọ l'Abẹ́òkúta mọ ohun tí wọ́n ń bá òun sọ. Ẹ̀yìn wọn ni mo wà.

Sabon Gari tún ní ọ̀ràn tirẹ̀, nítorí Yorùbá nìkan kọ́ ló ń gbé ibẹ̀. Lẹ́yìn tí rélùwéè dé Kánò ní 1911 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ya àdúgbò náà sọ́tọ̀ fún àwọn àlejò láti gúúsù. Orúkọ Odutola àti Sanyaolu ṣì wà lára òpópónà rẹ̀. (Ẹ tilẹ̀ wò ó: Sábó ní Ìbàdàn, ọ̀dọ̀ àwọn Hausa ni, Sabon Gari ní Kánò, ọ̀dọ̀ wa ni.) Ọmọ ọdún mẹ́rin ní Ibo Road lè gbọ́ ewé nílé, kí ó gbọ́ ganye lójú títì, kí ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó jẹ́ Ìgbò sì pè é ní akwụkwọ, ọ̀rọ̀ kan náà tí wọ́n fi ń pe ìwé nílé wọn. Hausa wá ní ohun tí àwa kò ní. Kaka ni wọ́n ń pe ìgbà tí òjò ti dáwọ́ dúró, tí wọ́n ń kórè ọkà bàbà àti jéró, kí hunturu tó wọlé. Àwa ní òjò àrọ̀kúrò, a ní ìkórè, a ní ọyẹ́, ṣùgbọ́n a kò fi orúkọ kan ṣoṣo so wọ́n pọ̀. Bí olùkọ́ Yorùbá ní Kánò bá pè é ní ìgbà kaka, kí ló bàjẹ́? Ẹni tó ń jẹ àlùbọ́sà, tó sì ń sá fún wàhálà, ti ń yá ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ Hausa tipẹ́.

Ibi tó dùn mọ́ mi jù ni àwọ̀. Ìwé òyìnbó fẹ́ kí ọmọ ya red, orange, yellow àti brown sọ́tọ̀. Aṣẹ̀dá-ọ̀rọ̀ á jókòó, á wá orúkọ mẹ́rin: pupa, àwọ̀ ọsàn, àwọ̀ ìyeyè, àwọ̀ erùpẹ̀. Kò burú, àmọ́ ẹnu Yorùbá kì í dúró síbẹ̀; a máa ń dárà sí àwọ̀. Ẹ mú ewé fúrúùtù lásìkò ọyẹ́, nítorí igi yìí ló súnmọ́ igi inú ìwé náà jù: ewé rẹ̀ máa ń pọ́n kí ó tó wọ́. Apá kan lára rẹ̀ á pupa yòò, apá kan á pupa rúsúrúsú, ìdí rẹ̀ ṣì lè tutù, èyí tó sì ti pẹ́ nílẹ̀ á gbẹ háúháú. Ọmọ tó bá lè sọ èyí ti mọ̀ ju ohun tí páálí kíréyọ̀nù lè kọ́ ọ lọ.

Iṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní leaf rubbing náà kò nílò orúkọ ńlá. Ẹ da ojú ewé dé, kí iṣan rẹ̀ wà lókè. Ẹ tẹ́ ìwé fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lé e. Ẹ dá kíréyọ̀nù dùbúlẹ̀, kí ẹ máa fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ra orí ìwé náà lọ bọ̀. Iṣan á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lọ́kọ̀ọ̀kan. A lè pè é ní ìyàwòrán-iṣan-ewé, tàbí kí olùkọ́ kàn ní, “Ẹ jẹ́ ká yọ àwòrán ewé.” Èkejì ni mo fara mọ́. Ọmọdé kì í bá ọ̀rọ̀-orúkọ gígùn ṣeré. Ṣà á, tò ó, kà á, ra á, yà á sọ́tọ̀ ló yé e, gbogbo wọn ló sì ti wà lẹ́nu wa. Elégédé náà ti wà, kabewa ni wọ́n ń pè é lọ́jà Kánò. Inú ọbẹ̀ ni wọ́n ń gé e sí, wọn kì í gbẹ́ ojú àti imú sí i lára. Acorn, èso tí ọ̀kẹ́rẹ́ inú ìwé náà dì mú, ni kò sí. Kí ẹ̀pà rọ́pò rẹ̀. Ìlú tó ti to àpò ẹ̀pà jọ bí òkè rí kò ní jiyàn.

Wíwá ọ̀rọ̀ Yorùbá fún ẹ̀kọ́ kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ní 1970, Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ilé-ẹ̀kọ́ St. Stephen, Ilé-Ifẹ̀, fún ọdún mẹ́fà gbáko. Ford Foundation ló gbówó sílẹ̀. Wọ́n ní láti wá ọ̀rọ̀ fún ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì. Ìwé èdè-ìperí (ọ̀rọ̀ tí a fi ń ṣàlàyé ìmọ̀) tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ ní 1984 dá lé ìmọ̀ èdè, lítíréṣọ̀ àti ọgbọ́n ìkọ́ni. Iṣẹ́ ńlá ni, ṣùgbọ́n àgbà ló ń bá sọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ tó wu mi jù nínú ẹ̀kọ́ ọmọdé ni jẹ́lé-ó-sinmi fúnra rẹ̀. Ní Jámánì, Friedrich Fröbel sọ ilé-ẹ̀kọ́ tirẹ̀ ní ọgbà àwọn ọmọdé ní 1840. Àwa ní kí ilé sinmi. Ó dá mi lójú pé ìyá ọlọ́mọ ló kọ́kọ́ sọ bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀yin olùkọ́ Sabon Gari, ẹ má dúró de Àbújá. Ẹ sún àkòrí Autumn sí oṣù Ṣẹ́rẹ́ tí ewé bá ń wọ́, ẹ pè é ní iṣẹ́ ìgbà ọyẹ́, kí ẹ sì kọ ọ̀rọ̀ tí àwọn ọmọ bá fi pe ewé ọwọ́ wọn sílẹ̀.