Ìwé Tó Ń Tọ́ka Ilé: Òfin àti Ìjà Àwọn Ará Buraku ní Japan

Èdè ará Buraku kò yàtọ̀ sí ti ará Japan yòókù, àwọ̀ wọn kò yàtọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ yà wọ́n sọ́tọ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wádìí ibi tí àwọn baba ńlá wọn gbé, bóyá àdúgbò àwọn alápatà, ti oníṣẹ́ awọ tàbí ti àwọn tó ń tọ́jú òkú, iṣẹ́ tí wọ́n kà sí èérí láyé ìjọba Tokugawa. Nítorí náà ni mo ṣe ń jiyàn pé àkọsílẹ̀ ni ìyàsọ́tọ̀ yìí fi ń mí, àti pé òfin tí kò bá fọwọ́ kan àkọsílẹ̀ kò tíì dé ìdí ọ̀ràn.

Ní 1871, ìjọba Meiji tó rọ́pò Tokugawa fòfin pa ipò "eta" àti "hinin" tí wọ́n to àwọn ènìyàn yìí sí rẹ́. Òmìnira náà kò mú owó tàbí ilẹ̀ wá. Kàkà bẹ́ẹ̀, ó gba ẹ̀tọ́ iṣẹ́ awọ tó jẹ́ tiwọn nìkan lọ́wọ́ wọn. Lọ́dún kejì ni ìjọba kan náà ṣe ìwé ìdílé fún gbogbo ilé, àwọn akọ̀wé ibòmíràn sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé aráàlú tuntun ni àwọn ará Buraku. Ọwọ́ kan gba orúkọ ẹ̀gàn kúrò, ọwọ́ kejì kọ ọ́ pamọ́. Ìgbà tó di 1968 ni wọ́n tó ti ìwé yẹn mọ́ àwọn olùtọpinpin.

Ní 3 Oṣù Kẹta 1922, àwọn ará Buraku dá ẹgbẹ́ ajàjàgbara wọn, Suiheisha, sílẹ̀ ní Kyoto. Saikō Mankichi, ọ̀kan lára àwọn olùdásílẹ̀, àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kò bẹ̀bẹ̀ fún àánú. Orúkọ tí wọ́n fi ń bú wọn gan-an ni wọ́n gbé sókè, tí wọ́n sì fi yangàn.

Òfin 1969 fún àwọn àdúgbò Buraku, tí àwọn òfin mìíràn mú tẹ̀ síwájú títí di 2002, kọ́ ilé, ó la ọ̀nà, ó sì ran àwọn ọmọ lọ sílé ìwé. Mi ò ní fojú kéré rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tó ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́, ní 1975, àṣírí tú pé wọ́n ń ta ìwé tó to orúkọ àwọn àdúgbò Buraku jọ fún àwọn iléeṣẹ́ níkọ̀kọ̀. Iléeṣẹ́ tó ju 200 lọ ló rà á, kí wọ́n lè mọ ẹni tí wọn kò ní gbà síṣẹ́. Ilé tuntun kò gba ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ ìwé bẹ́ẹ̀. Ní 1985, Osaka ṣòfin tó de àwọn aṣèwádìí tó ń ta irú ìròyìn yìí.

Àwọn kan ní Japan máa ń sọ pé kí a má jí ọmọ tó ń sùn: bí a bá dákẹ́, ọ̀ràn náà yóò kú fúnra rẹ̀. Wọ́n tún ń bi àwọn ajàjàgbara pé kí ló dé tí wọ́n ń pe orúkọ Buraku lójú agbo, tí wọ́n sì ń lòdì sí ẹni tó tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé. Ìdáhùn mi ni pé ẹni tó sọ ibi tí òun ti wá ń lo ẹ̀tọ́ ara rẹ̀. Ẹni tó ta àdírẹ́sì rẹ̀ fún agbanisíṣẹ́ ń gba ẹ̀tọ́ ọ̀hún lọ́wọ́ rẹ̀.

Òfin Oṣù Kejìlá 2016 dárúkọ ìyàsọ́tọ̀ Buraku ní tààrà, ṣùgbọ́n kò ní ìjìyà kankan nínú. Lọ́dún yẹn kan náà ni àwọn kan gbé àkójọ àwọn àdúgbò Buraku tí wọ́n ṣe ní 1936 sórí íntánẹ́ẹ̀tì, tí àwọn ará Buraku tó ju 200 lọ sì pè wọ́n lẹ́jọ́. Ní 2023, ilé ẹjọ́ gíga Tokyo gbà pé ènìyàn ní ẹ̀tọ́ láti gbé láìsí ìyàsọ́tọ̀. Síbẹ̀ àṣẹ rẹ̀ kò kan gbogbo ìpínlẹ̀ tó wà nínú àkójọ náà. Ibi tí olùpẹjọ́ ti wá ló dé. Kí ilé ẹjọ́ tó lè dáàbò bo ìpínlẹ̀ kan, ọmọ ibẹ̀ gbọ́dọ̀ dìde níwájú adájọ́, kí ó sì sọ pé ibẹ̀ ni ilé òun.