Akínwùmí Ìṣọ̀lá: Láti Orí Ìwé dé Ojú Àwòrán

Ẹ̀yin òǹwòran wa, ilé ìtàwé CMS l'Ékòó ni ọ̀pọ̀ òǹkàwé ti ń ra ìwé Yorùbá láyé àtijọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí kì í ṣí ìwé ń kọ́? Akínwùmí Ìṣọ̀lá, ọmọ Ìbàdàn tí a bí ní 1939, gbé ìtàn lọ bá a nílé. Ó kọ *Ó Le Kú* ní 1974. Túndé Kèlání sọ ọ́ di fíìmù ní 1997. Òun náà ni ó kọ *Ṣaworoidẹ* ti 1999, nínú èyí tí ọba kọ̀ láti gba gbẹ́rẹ́ ìbúra, kí ó lè rí owó ìlú jẹ. Ọdún náà ni ìjọba ológun kógbá wọlé. Òǹwòran mọ ẹni tí à ń pòwe mọ́. Ìṣọ̀lá dágbére fáyé ní 2018. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ fi fíìmù wọ̀nyí pe akẹ́kọ̀ọ́ padà sídìí ìwé.