Òjé, láti Etí Àwọ̀n dé inú Ẹ̀jẹ̀

Òjé kì í ṣe àjèjì lọ́dọ̀ wa. Òun ni àwọn apẹja Ẹ̀pẹ́ ń so mọ́ etí àwọ̀n kí ó lè rì wọ inú ọ̀sà, òun ni wọ́n fi ń rọ ẹ̀gbà ọwọ́ fún àwọn olórìṣà Ọbàtálá, òun ló sì wà nínú òkúta dúdú tí à ń lọ̀ ní tìróò. Àwọn kan ń tìtorí èyí sọ pé ohun tí àwọn baba wa fọwọ́ kàn tí wọn ò kú kò yẹ kó máa dẹ́rù bà wá. Mi ò gbà. Lọ́dún 2011, ní Boston ní Amẹ́ríkà, àyẹ̀wò fi hàn pé òjé tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ ọmọ oṣù mẹ́fà kan tó máíkírógíráàmù 13 nínú désílítà kọ̀ọ̀kan. Tìróò tó ti Nàìjíríà wá ni wọ́n ń lé sí i lójú, ó sì ju ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún tìróò náà lọ tó jẹ́ òjé. Àwọn baba wa kò ní ohun tí wọ́n lè fi wọn irú èyí. Ìyẹn kò sọ pé kò pa wọ́n lára.

Iṣẹ́ òjé fúnra rẹ̀ sì ti yí padà. Ní Ògíjó, tó wà lábẹ́ Ṣágámù ní Ìpínlẹ̀ Ògùn àmọ́ tó fara ti Ìkòròdú, àwọn iléeṣẹ́ ń yọ́ òjé inú bátìrì ọkọ̀ tó ti kú, wọ́n ń tà á sókè òkun. Òjé etí àwọ̀n ń jókòó síbi tí wọ́n so ó mọ́. Èyí tí iná yọ́ ń di èéfín àti eruku, ó ń bà sórí òrùlé, sóko, síbi tí ọmọdé ń ṣeré. Lọ́dún 2025, àwọn oníròyìn New York Times àti The Examination jẹ́ kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ 70 ènìyàn tó yọ̀ǹda ara wọn níbẹ̀ wò. Méje nínú mẹ́wàá ni òjé inú ẹ̀jẹ̀ wọn ti dé ibi tó léwu.

Irú iye bẹ́ẹ̀ wúwo, ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ pé ìwọ̀n ilé àyẹ̀wò kan ṣoṣo kò tó. Òjé ń tan ẹni tó ń wọ̀n ọ́n jẹ. Onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Clair Patterson ló fi èyí yé ayé ní nǹkan bí ọgọ́ta ọdún sẹ́yìn: eruku inú yàrá àyẹ̀wò, omi àti ìgò tí wọ́n ń lò, gbogbo wọn ló ní òjé tiwọn, tí wọ́n sì ń fi kún iye tí wọ́n rí. Ní Zamfara lọ́dún 2010, níbi tí òjé ti pa ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọmọdé, ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n ń gbé káàkiri kò lè ka ohun tó bá ju máíkírógíráàmù 65 nínú désílítà kọ̀ọ̀kan lọ, bẹ́ẹ̀ òjé inú ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ mìíràn kọjá ibẹ̀ fíìfíì. Lọ́dún 2017, ìjọba Amẹ́ríkà kìlọ̀ pé irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ lè ka iye òjé kéré sí bó ṣe jẹ́ bí wọ́n bá fi abẹ́rẹ́ fa ẹ̀jẹ̀ náà láti inú iṣan. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń pín ẹ̀jẹ̀ kan náà fún ọ̀pọ̀ ilé àyẹ̀wò kí wọ́n lè mọ èyí tó ṣìnà. CDC, àjọ tó ń dènà àrùn ní Amẹ́ríkà, ń ṣe é fún òjé. Québec ní Kánádà ń ṣe é fún PCB àti àwọn kẹ́míkà mìíràn tí kì í tètè kúrò lára.

Ẹnì kan lè ní: èéfín ń pa èèyàn, ẹ ń jiyàn lórí ẹ̀rọ? Òótọ́ ni pé pípa iná iléeṣẹ́ tó ń ba afẹ́fẹ́ jẹ́ kò gbọ́dọ̀ dúró de ẹ̀rọ kankan. Àmọ́ láti 45 lọ sókè ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí wọ́n fún ọmọdé ní oògùn tó ń fa òjé jáde. Bí ibì kan bá ka 40, tí ibòmíràn ka 50 fún ọmọ kan náà, èwo ni dókítà máa gbà? Agbẹjọ́rò iléeṣẹ́ ní tirẹ̀ kò ní ṣiyèméjì: 40 ló máa mú. Ọ̀rọ̀ náà kò sì parí lọ́jọ́ tí wọ́n bá ti iléeṣẹ́ pa. Láàárín oṣù mélòó kan ni òjé ń dín kù nínú ẹ̀jẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń sá pamọ́ sínú egungun fún ọ̀pọ̀ ọdún, láti ibẹ̀ ló ti ń padà sínú ẹ̀jẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Àwọn ọmọ Ògíjó àti Ìkòròdú yóò nílò àyẹ̀wò léraléra títí wọn yóò fi dàgbà. Bí òṣùwọ̀n ọdún yìí kò bá bá ti ọdún tó ń bọ̀ mu, tí iye náà sì já wálẹ̀, kò sí ìyá tó máa mọ̀ bóyá òjé ló dín kù lára ọmọ òun àbí ẹ̀rọ ni wọ́n pààrọ̀.