Dromos: Iré-Ìje àti Ojú Ọ̀nà Rẹ̀

Àwọn Gíríìkì àtijọ́ ní ọ̀rọ̀ kan, dromos, èyí tí ìtumọ̀ rẹ̀ àkọ́kọ́ jẹ́ eré sísá. Nígbà tí Herodotus ń pìtàn ogun Marathon ti ọdún 490 ṣáájú ìbí Kristi, ọ̀rọ̀ yìí ni ó lò fún bí àwọn ará Athens ti sáré kọlu àwọn ará Páṣíà, ọ̀nà tí ó tó kìlómítà kan àti àbọ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò dúró lára asáré. Ó ràn mọ́ ilẹ̀ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń tẹ̀. Pápá tí a ti ń sáré di dromos. Ojú ọ̀nà tí a fi òkúta mọ ògiri sí lọ́tùn-ún lósì, tí ó wọ inú ibojì ńlá ní Mycenae, dromos ni àwọn awalẹ̀pìtàn ń pè é, bẹ́ẹ̀ a kò rò pé ẹnikẹ́ni ń sáré wọ ibojì. Ní ilẹ̀ Gíríìsì lónìí, òpópónà lásán ni.

Àwa Yorùbá ya méjèèjì sọ́tọ̀: eré ni a ń sá, ojú ọ̀nà tàbí pápá ni a ti ń sá a. Ìṣòro èyí kan àwọn olùtumọ̀ Bíbélì wa. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni dromos farahàn nínú Májẹ̀mú Titun, Àpọ́sítélì Pọ́ọ̀lù ni ó sì ń sọ̀rọ̀ nígbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta: Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì 13:25 àti 20:24, àti Tìmótíù Kejì 4:7. Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ fún wa ní “iré-ìje”. Ọ̀rọ̀ tí ó dùn létí ni, a kò sì rí èyí tí ó sàn jù ú lọ. Síbẹ̀, ìje mú wa ronú nípa ẹni tí ó fẹ́ borí ẹnìkejì rẹ̀. Ní ìgbà àkọ́kọ́ nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ti Jòhánù Onítẹ̀bọmi ni Pọ́ọ̀lù ń sọ, Jòhánù kò sì bá ẹnikẹ́ni díje. Ọ̀nà tí a là fún un ni ó tọ̀ dé òpin.

Gíríìkì ní ọ̀rọ̀ mìíràn fún eré ẹni tí a ń lé: phygē. Sísá ni, lílé kúrò nílùú sì ni pẹ̀lú. Ẹnikẹ́ni kì í dédé sáré nínú ẹ̀gún. Bí kò bá lé ejò, ejò ń lé e.

Fún àwa tí a wà ní Accra, ìyàtọ̀ yìí kọjá ọ̀rọ̀ ilé-ìwé. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Dókítà K. A. Busia pàṣẹ pé kí gbogbo àlejò tí kò ní ìwé àṣẹ ìgbélùú kúrò ní Ghana láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́, Ìlọrin, Ọ̀fà àti Ìnísà, tí ẹlòmíràn nínú wọn ti ṣòwò níhìn-ín láti ìgbà èwe, ta ọjà wọn ní ọ̀pọ̀, wọ́n sì gba ọ̀nà Togo àti Dahomey lọ sílé. Ọmọ tí a bí sí Accra bá òbí rẹ̀ lọ sí ìlú tí kò mọ̀ rí. Phygē ni èyí. A kò lè pè é ní dromos, nítorí kò sí ẹni tí ó yan ọjọ́ náà, kò sì sí ẹni tí ó mọ ibi tí òpin rẹ̀ wà.

Lára àwọn tí ó lọ ni àwọn ọmọ Ìjọ Onítẹ̀bọmi, nítorí àwọn oníṣòwò Yorùbá ni ó dá púpọ̀ nínú ìjọ wọnnì sílẹ̀ ní Ghana. Ọ̀pọ̀ ilé ìjọsìn ṣófo. Àwọn ọmọ Ghana ni ó gba iṣẹ́ náà láti ibi tí ó dé, wọ́n sì ń bá a lọ. Nígbà tí ó yá, àwọn Yorùbá kan padà wá bá wọn níbẹ̀.