Tíṣà Ìṣirò Tó Wọlé ní Lọ́ńdọ̀nù

Ìṣirò ni mò ń kọ́ àwọn tó fẹ́ di tíṣà níbí ní Ìjànìkín. Bí wọ́n bá ní kí ni ìṣirò fẹ́ dà fún àwọn, Dadabhai Naoroji ni mo máa ń dárúkọ.

Bombay ni wọ́n bí i sí ní 1825. Tíṣà ìṣirò lòun náà, ní kọ́lẹ́ẹ̀jì Elphinstone; òun ni ọmọ Íńdíà àkọ́kọ́ tó di ọ̀jọ̀gbọ́n níbẹ̀. Ní 1855 ó bá òwò lọ sí Lọ́ńdọ̀nù.

Íńdíà wà lábẹ́ Gẹ̀ẹ́sì nígbà náà. Kí ó lè fi ìṣẹ́ ibẹ̀ hàn, ìwé ìjọba òyìnbó fúnra rẹ̀ ló ṣí. Ó ka iye tí ohun tí wọ́n ń mú jáde ní Íńdíà ń pa, ó pín in fún gbogbo ènìyàn: rúpì 20 (owó Íńdíà) ló kan ẹnì kọ̀ọ̀kan lọ́dún. Ó bá tún wo ìwé ọgbà ẹ̀wọ̀n. Oúnjẹ àti aṣọ ẹlẹ́wọ̀n kan ń ná ìjọba ju rúpì 20 lọ! Ta ni yóò bá a jiyàn? Àwọn tó ń fi èdè dídùn bẹ òyìnbó pọ̀ nígbà náà. Èmi ò rí èyí tó dùn mọ́ mi tó ìṣirò yìí.

Naoroji wá fẹ́ wọ ilé aṣòfin Gẹ̀ẹ́sì. Ní 1888, Lord Salisbury, olórí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, ní òun ò rò pé àwọn olùdìbò Gẹ̀ẹ́sì yóò dìbò fún ẹni dúdú. (Naoroji ò kúkú dúdú.) Ní oṣù keje 1892, Naoroji wọlé ní Finsbury Central, ní Lọ́ńdọ̀nù. Ìbò márùn-ún péré ló fi borí!

Lọ́dọ̀ tiwa níbí, oṣù karùn-ún ọdún yẹn kan náà ni ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbé ìbọn Maxim bá Ìjẹ̀bú jà ní Ìmàgbọ̀n. Àwa ará Àgbádárìgì ti wà lábẹ́ wọn láti 1863, ṣùgbọ́n ta ló ní ká dìbò? Ó di 1923 kí ìbò tó dé, Èkó àti Calabar nìkan, fún ọkùnrin tó bá ń rí £100 lọ́dún. Apẹja etí ọ̀sà wa ibo ni yóò ti rí i?

Nílé aṣòfin, Naoroji ń jà nítorí owó Íńdíà tó ń ṣàn lọ sí Lọ́ńdọ̀nù. Ní 1893 ilé náà fọwọ́ sí i pé kí ìdánwò iṣẹ́ ìjọba máa wáyé ní Íńdíà náà; ìjọba kò ṣe é. Ní 1895 ìbò gbé e lulẹ̀. Wọ́n wá fi í sínú ìgbìmọ̀ tó ń yẹ ìnáwó Íńdíà wò, ìwé ìṣirò kan náà tó ti ń kà bọ̀. Ní 1906, ẹni ọgọ́rin ọdún, ó tún díje ní Lambeth, kò wọlé.