Ojú Inú: Ohun Tí Ọ̀wọ̀ Fi Kọ́ Mi Láti Wo Nǹkan

Kí n tó bẹ̀rẹ̀ ìtàn òní, ẹ jẹ́ n jẹ́wọ́ ohun kan.

Fọ́tò màmá àgbà mi tó wà lórí fóònù mi lé ní igba. Ìdóàní ni wọ́n gbé, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀sẹ̀, títí wọ́n fi dolóògbé. Nígbà tí a fẹ́ ya àwòrán wọn fún ìrántí ọdún kìíní, ayàwòrán wo gbogbo fọ́tò yẹn, ó ní: "Nínú gbogbo èyí, màmá mọ̀ pé wọ́n ń ya àwọn ni. Tí wọ́n bá jókòó jẹ́ẹ́, báwo ni ojú wọn ṣe máa ń rí?"

Mi ò lè dáhùn. Àǹtí mi, tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, kò tilẹ̀ wo fóònù. Wọ́n ní: "Tí èèyàn bá ń bá wọn sọ̀rọ̀, wọ́n máa ń di ojú òsì díẹ̀, bí ẹni tó fẹ́ ki òwú bọ abẹ́rẹ́."

Lójú ẹsẹ̀ ni màmá dúró níwájú mi. Èmi ni mo wò wọ́n láti kékeré. Àǹtí mi ló rí wọn.

Yorùbá ò ka wíwò àti rírí sí ohun kan náà. Ọ̀jọ̀gbọ́n Rowland Abiodun, ọmọ Ọ̀wọ̀ tó fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ni ní Amherst College l'Amẹ́ríkà, fi ojú inú àti ojú ọnà ṣàlàyé iṣẹ́ ọnà wa. Bó ṣe yé mi nìyí: ojú inú ló ń rí ìwà tó wà nínú nǹkan. Ojú ọnà ló mọ bí ọ̀bẹ yóò ṣe gbà kí ìwà náà hàn lára igi.

Ẹ jẹ́ ká lọ sí Ọ̀wọ̀ fúnra rẹ̀. Ní 1971, awalẹ̀pìtàn Ekpo Eyo wa ilẹ̀ ní Igbó Láàjà, ó sì bá ère amọ̀ níbẹ̀ tí ọjọ́ orí wọn tó nǹkan bí ẹgbẹ̀ta ọdún. Àwọn kan jọ ti Ifẹ̀, àwọn kan sì fẹ́ jọ ti Benin. Ọ̀kan nínú wọn ni ẹkùn tó ń jẹ ẹsẹ̀ èèyàn. Nígbà tí mo kọ́kọ́ rí àwòrán rẹ̀, mo ní "ẹranko burúkú," mo sì fi ìka yí i kọjá. Ìgbà tí mo padà síbẹ̀ ni mo bi ara mi pé: ta là ń fi wé ẹkùn nílẹ̀ wa? Ọba mà ni! Ó lè jẹ́ ọ̀rọ̀ agbára lórí ẹ̀mí èèyàn ni ẹni tó mọ ère náà ń sọ, tí èmi rò pé ẹranko lásán ni.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀sámásìnmi, orí àgbò onígi tí wọ́n máa ń gbé sí ojúbọ àwọn bàbá ńlá ní Ọ̀wọ̀. Òmíràn nínú wọn ní ojú èèyàn àti ìwo àgbò. Ojú lásán á ní àgbò ni. Ọmọ tó kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀ mọ̀ pé bàbá òun ni òun ń wò, pẹ̀lú agbára tí ikú ò lè gbà lọ́wọ́ rẹ̀.

Èyí tó mú mi jù ni àkó. Tẹ́lẹ̀, tí èèyàn ńlá bá kú, ọkùnrin tàbí obìnrin, wọ́n lè ṣe ìsìnkú kejì fún un. Wọ́n á gbẹ́ ère tó ga tó èèyàn, tó jọ olóògbé náà, wọ́n á wọ aṣọ olówó ńlá sí i lọ́rùn, wọ́n á gbé e yí ìlú ká, lẹ́yìn náà wọ́n á sin ín. Abiodun kọ nípa rẹ̀ ní 1976.

Ẹ rò ó wò. Nígbà tí àṣà yìí bẹ̀rẹ̀, kò sí kámẹ́rà. Ibo ni agbẹ́gilére ti máa rí ojú olóògbé? Nínú ojú ara rẹ̀ ni, àti lẹ́nu àwọn tó bá a gbé. Tí ẹbí ò bá wo ẹni wọn dáadáa nígbà tó wà láyé, kí ni wọ́n máa sọ fún un? Ìbéèrè tí ayàwòrán bi mí nìyẹn gan-an.

Mi ò ní kẹ́ ẹ pa fọ́tò yín rẹ́ o. Mi ò pa tèmi rẹ́. Ṣùgbọ́n ní báyìí, tí mo bá lọ kí àǹtí mi, inú àpò ni fóònù máa ń wà fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá àkọ́kọ́. Mo ti rí i pé tí wọ́n bá fẹ́ rẹ́rìn-ín, àtàǹpàkò wọn ló kọ́kọ́ ń mì. Kò sí fọ́tò kan tó gbé ìyẹn.

Ojú lọ̀rọ̀ wà, àwọn àgbà ti wí. Lónìí, ẹ wá ẹnì kan tó ṣì wà láàyè, kẹ́ ẹ wò ó títí ẹ ó fi rí i. Ó dìgbà kan ná.