Tẹlifíṣọ̀n Plasma

Tẹlifíṣọ̀n plasma ni ẹ̀rọ amóhùnmáwòrán pẹlẹbẹ tí àwòrán rẹ̀ ń ti inú gáàsì tí iná mànàmáná ru sókè wá. Ní ọdún 1964, ní Yunifásítì Illinois ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ni Donald Bitzer, Gene Slottow àti Robert Willson, tí í ṣe akẹ́kọ̀ọ́ nígbà náà, kọ́kọ́ ṣe ojú rẹ̀, kì í sì í ṣe nítorí ìran wíwò nínú ilé rárá, bí kò ṣe fún kọ̀ǹpútà PLATO tí a fi ń kọ́ni lẹ́kọ̀ọ́.

Àárín awẹ́ gíláàsì méjì ni àìmọye ihò tín-ín-tìn-ín wà, tí a rọ gáàsì neon àti xenon sí. Bí iná bá ti gba inú wọn kọjá, gáàsì náà a tan ìmọ́lẹ̀ kan tí ojú ènìyàn kò lè rí, ìmọ́lẹ̀ yìí a sì kọlu ìyẹ̀fun aláwọ̀ tí a fi ra inú ihò, tí pupa, àwọ̀ ewé àti àwọ̀ aró yóò fi máa tàn yòò.

Nítorí pé ihò kọ̀ọ̀kan ló ń tan iná tirẹ̀, dúdú rẹ̀ a dúdú bí kóró iṣin. Ohun tí ẹni iwájú ń rí ni ẹni tó jókòó sí ìkangun yàrá ń rí, bọ́ọ̀lù tí ń sáré kì í sì í ṣe bàìbàì. Àmọ́ kò sí bí a ti lè ṣe ebòlò tí kò ní rùn ìgbẹ́: ó wúwo, ó ń gbóná, ó ń jẹ iná, àwòrán tó bá sì pẹ́ lójú kan lè fi àpá sílẹ̀. Kí ọdún 2014 tó parí, Panasonic, Samsung àti LG ti dáwọ́ ṣíṣe é dúró.